Jíìpù Awọnlẹ̀ Lọ́wọ́ Atúnaagoṣe

Ọkọ mi kì í pariwo. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ èyí, nítorí ẹni tó bá gbọ́ pé ó gbé jíìpù tó dàgbà ju àkọ́bí wa lọ wá sílé yóò rò pé ọkùnrin kan tó fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ òun ni. Rárá o. Èmi ni mo lẹ́nu nínú àwa méjèèjì. Bí ẹ bá bá òun sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ó lè fún yín ní méjì, yóò wá fi ẹ̀rín dí ìyókù.

Aago ló ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi jókòó sí yàrá kékeré tó wà níwájú ilé wa, lẹ́yìn tábìlì kan tó ga débi pé àyà rẹ̀ ń kàn án, kí iṣẹ́ lè sún mọ́ ojú. Bó bá tú aago palẹ̀, yóò dojú ife onígíláàsì dé e kí eruku má bàa bà á, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tó wà lábẹ́ ife náà. Àní kí èèyàn sín lẹ́bàá tábìlì yẹn, ìjà ni. Òfin iṣẹ́ wọn ni pé iṣẹ́ tó bá wà ní títú, ọwọ́ ẹni tó tú u nìkan ló ń kàn án. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Bàbá Oníṣẹ́jú, torí pé ìgbàkígbà tí wọ́n bá béèrè aago wọn, "Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀" ni yóò sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló kù.

Èmi, aṣọ ni mo ń rán, nínú yàrá kejì. Ojú ọkọ mi mú débi pé òun ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. N ó kàn na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i láti ẹnu ọ̀nà, kò ní wo ojú mi, yóò ki òwú bọ̀ ọ́, yóò dá a padà, ó tán. Lọ́jọ́ kan mo na abẹ́rẹ́ sí i, mo dúró. Mo dúró títí. Ó gbé e sún mọ́ iná, ó tún gbé e jìnnà, ó fi ahọ́n lá òwú, ó tún gbìyànjú. Ó wá dá a padà fún mi, ó ní, "Aránṣọ, abẹ́rẹ́ òde òní yìí, ihò wọn ti kéré jù." Aránṣọ ló ń pè mí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa. Mo gba abẹ́rẹ́, mo lọ dúró sí kọ̀rọ̀, mo ki òwú bọ̀ ọ́ fúnra mi. Ihò náà kò kéré.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ojú ọkọ mi ń lọ. N kò sọ. Òun náà kò sọ. Mo dọ́gbọ́n ní kí a lọ ṣe àyẹ̀wò ara, ó ní ara òun le. Lẹ́yìn náà ni aago tó ti tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá, ọ̀kan lónìí, méjì lọ́la, àwọn oníbàárà á rọra gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ó ti ilẹ̀kùn yàrá náà. Ó ní fóònù ló pa iṣẹ́ aago, pé ta ló tún ń so aago mọ́ ọwọ́. Òótọ́ ni pẹ̀lú, ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn láti fi bojú. Ó wá gbé àga sẹ́bàá fèrèsé, ó jókòó. Oṣù méje. Bí mo bá gbé tíì fún un, á mu ún. Bí n kò bá gbé e, kò ní béèrè. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti sin ọkùnrin méjì nínú ìdílé wa tí kò ṣàìsàn kankan, tó jẹ́ pé àga ló kọ́kọ́ gbà wọ́n lọ́wọ́ wa.

Mẹkáníìkì tó wà ní ìparí àdúgbò wa ló mú ọ̀rọ̀ jíìpù wá. Ẹ̀rín ni tirẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ọkọ̀ yín bá kú pátápátá, ẹ̀rín ni yóò fi sọ ọ́ fún yín. Ó wá kí Bàbá Oníṣẹ́jú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì ń fi ìtàn dá a lára yá, pé awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì fẹ́ ta jíìpù tó fi ń wọn ilẹ̀ kiri fún àwọn tó ń gé irin.

"Ọ̀la ni wọ́n máa gé e, Bàbá. Ohun tó gun òkè, tó la igbó, wọ́n á gé e bí ẹran."

Ọkọ mi dìde lórí àga. Mo gbé abẹ́rẹ́ mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó dìde láìjẹ́ pé oúnjẹ tàbí oorun ló pè é.

Jíìpù náà wà lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ilé awọnlẹ̀. Ó rí bí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè fún ọdún mẹ́jọ. Ẹyẹ ti kọ́ ilé sínú ọ̀kan nínú iná iwájú, ìpẹtà ti jẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn lọ, koríko sì ti gba inú rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé bí èrò tó ń dúró de dẹ́rẹ́bà. Ọkọ mi kò fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Mo ṣàkíyèsí ìyẹn. Ọwọ́ ló fi tọ́ ọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, bí a ṣe ń yẹ ara ọmọ tó ṣubú wò. Ó ní kí mẹkáníìkì so bátìrì mọ́ ọn, kí ó yí kọ́kọ́rọ́. Ó wá gbé etí lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì náà kùn díẹ̀, kò jí.

"Ó ṣì wà láàyè," ló wí.

"Ta ni?" ni mo béèrè.

Ó rà á. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò fi bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì mọ̀ mí yóò mọ̀ pé ara mi ni mo fìyà jẹ.

Wọ́n fi okùn wọ́ ọ wá sí ẹ̀yìnkùnlé wa, sábẹ́ páànù tí mo ń sá aṣọ sí nígbà òjò. Mo rò pé ibi tó bá bàjẹ́ ni yóò máa tún ṣe, bíi tàwọn mẹkáníìkì. Rárá. Ó tú u palẹ̀ bí aago. Gbogbo rẹ̀. Ó tú ẹ́ńjìnnì, ó tú jíà, ó tú ilẹ̀kùn, ó tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, ó sì to ohun tó tú lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bó ṣe yọ wọ́n. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mo wá abọ́ tí n ó fi bu oúnjẹ, n kò rí i. Abọ́ mi mẹ́rìndínlógún, ìkòkò mẹ́ta, àti ike ìfọṣọ, gbogbo wọn ló ti dojú délẹ̀ ní ẹ̀yìnkùnlé, irin wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí eruku má bàa bà á.

"Bàbá àwọn ọmọ!" ni mo pariwo. "Kí lẹ fẹ́ ká máa fi jẹun?"

"Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀," ló wí.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin la fi jẹun nínú abọ́ méjì tí mo gbà padà.

Àwọn àgbà ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Ara jíìpù yẹn ni mo ti mọ ìtumọ̀ òwe náà. Bó bá tún kábúrétọ̀ ṣe, páìpù epo ni yóò máa jò. Bó bá dí páìpù, rádíétọ̀ á sọ pé òun náà wà níbẹ̀. Kò bínú sí i lọ́jọ́ kan. Mẹkáníìkì á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, torí wọ́n ti kìlọ̀ fún un nípa ohun tó wà ní títú.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n bá yín ki ìyẹn bọ ibẹ̀, kò ní pẹ́."

Ọkọ mi á mi orí. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó kan jíìpù yẹn.

Ojú fèrèsé mi ni mo ti ń wò ó. Awò tó máa ń fi sójú nígbà iṣẹ́ aago kò jáde nínú àpótí rẹ̀ rárá. Èékánná ló fi ń mọ ibi tí ẹnu bóòtù ti jẹ. Bó bá fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, á gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e, á fi orí rẹ̀ kejì sí etí, á di ojú méjèèjì. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé iṣẹ́ yìí kò béèrè ojú lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ ló tóbi tó láti fi ọwọ́ mọ̀. Ó ń jẹun. Ó ń sùn. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń dún bí ẹni tí eyín ń ro. Kí n má purọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn jíìpù náà. Mo tiẹ̀ rán ìbòrí tuntun fún àga rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi òwú tó nípọn jù lọ nínú ilé rán an.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń já mi láyà. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ń tún ṣe, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò wà á.

"Bó bá parí," ló wí lọ́jọ́ kan tí a ń jẹun, "èmi àtìwọ, ọ̀nà etí odò la máa gbà. Èyí tó kọjá ilé iṣẹ́ bíríkì, tí mọ́tò kékeré kì í lè gbà."

"Ta ló máa wà á?"

"Ta ló máa wà á bí kò ṣe ẹni tó tún un ṣe?"

Mo dákẹ́. Èmi o. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ fún un pé kò ríran mọ́, mo mọ ibi tí yóò gbà lọ. Àga ẹ̀bá fèrèsé ni. Bí n kò bá sì sọ ọ́, ó lè fi ọkọ̀ pa ọmọ ọlọ́mọ, ó sì lè pa ara rẹ̀. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Mo ń wá bí n ó ṣe ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà, ọjọ́ ń lọ, jíìpù ń parí lọ.

Ó parí ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Mẹkáníìkì wá. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ títì jáde síta. Ọkọ mi yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń lọ geerege. Mẹkáníìkì fò sókè. Èmi náà pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú mi, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ayọ̀ níbẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rù.

Ó jókòó sídìí sítíárìn. Mo sáré wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá wà níbẹ̀, ojú mi á ṣiṣẹ́ fún ènìyàn méjì, ẹnu mi á sì pariwo. Títì dá páropáro, àwọn ọmọ wà níléèwé. Ó rọra ń lọ. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá wa. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé iwájú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Nǹkan ń mì," ló wí. "Níwájú, lọ́wọ́ mi níbí."

Kó tó pa ẹnu dé, ọkọ̀ rì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irin họ ilẹ̀, a dúró gbọin. Táyà iwájú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti yọ. Ó yí lọ síwájú, ó yà, ó gba iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì kọjá láti ọwọ́ rẹ̀ sí ọwọ́ mi nínú oòrùn gangan, kò kánjú, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì lọ fara ti pákó gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbogbo àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà di ilẹ̀kùn rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú. Mẹkáníìkì sáré dé ojú fèrèsé wa, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Ọkọ mi yíjú sí mi. Ó rọra béèrè pé, "Kí ló kọjá níwájú wa yẹn? Ajá ni?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu mẹkáníìkì. Ó wò mí, mo wò ó. Táyà yẹn ga dé ìbàdí mi.

"Táyà yín ni, Bàbá," ni mẹkáníìkì wí. N kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ láìrẹ́rìn-ín rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè. Mẹkáníìkì fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì àwọn táyà mẹ́ta tó kù. Ìka méjì péré ló fi tú wọn.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe dè é?"

"Mo dè é títí ó fi dúró. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, ibi tí nǹkan bá ti dúró, ibẹ̀ ni ọwọ́ ń dúró. Ẹni tó bá fi agbára kún un, ó ti ba aago jẹ́ nìyẹn."

"Nọ́ọ̀tì táyà, ẹsẹ̀ la fi ń gun sípánà rẹ̀, Bàbá. A tún máa ń fò lé e."

Bó ṣe rí nìyẹn o. Táyà, ilẹ̀kùn, àga, gbogbo rẹ̀ ni ọkọ mi fi ìka méjì dè bí aago ọwọ́. Bí mẹkáníìkì bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn tẹ́lẹ̀ ni, ì bá ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni a ní kó kó ọwọ́ sí.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ kejì, mo bá ọkọ mi lórí àga ẹ̀bá fèrèsé. Kọ́kọ́rọ́ jíìpù wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Òun ló gbé e síbẹ̀. Ohun tí mo ti ń wá bí n ó ṣe gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti gbé e fún mi fúnra rẹ̀, inú mi kò sì dùn rárá. Ọmọ wa obìnrin pè lórí fóònù, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ta nǹkan yẹn. Ẹ máa dúpẹ́ pé táyà nìkan ló yọ." Mo ní mo ti gbọ́. Mo wo kọ́kọ́rọ́, mo wo ẹni tó wà lórí àga. Inú bí mi. Kì í ṣe sí i. Ojú tó ń lọ náà ni inú ń bí mi sí, àti èmi fúnra mi, èmi tí mo fi gbogbo ẹnu mi yìí dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jáde sí ẹ̀yìnkùnlé, níbi tí wọ́n ti wọ́ jíìpù padà sí, mo wọnú rẹ̀, mo jókòó sídìí sítíárìn.

"Bàbá àwọn ọmọ! Ẹ wá kọ́ mi!"

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Kí n kọ́ ọ ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń wa nǹkan yìí. Ẹ fi abọ́ mi ṣe é, mo rán àga mẹ́rin fún un, àbí ẹ rò pé ọ̀fẹ́ ni? Ìdajì ọkọ̀ yìí, tèmi ni. Ìdajì tó ní sítíárìn ni mo mú."

Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ yẹn. Ohun kan ṣoṣo tí mo ti fẹsẹ̀ wà rí ni ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ mi dúró, ó gbé ọwọ́ lé ara ilẹ̀kùn. Ó mọ ìdí tí mo fi ní kó kọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀. Mo ń bẹ Ọlọ́run lọ́kàn mi pé kó má rẹ́rìn-ín, torí bó bá ti rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti kú nìyẹn.

"Bàtà yẹn ò dáa," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lọ wọ èyí tó pẹlẹbẹ."

Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì kó tó ṣe ohunkóhun. Àwọn méjèèjì jọ de gbogbo nọ́ọ̀tì jíìpù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi ọjọ́ méjì, mẹkáníìkì ń fẹsẹ̀ gun sípánà, ọkọ mi ń fi ìka tọ́ ọ wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ ohun tó ná an láti jẹ́ kí ọwọ́ ẹlòmíràn wọ iṣẹ́ rẹ̀. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà lórí ahọ́n mi.

Pápá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ bíríkì ni mo ti kọ́ ọ, mẹkáníìkì ló ń bá wa wà á débẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni ẹ́ńjìnnì kú mọ́ mi lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ojú.

"Má wo jíà. Gbọ́ ọ. Ó ń bẹ̀ ọ́."

"Ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe kí ni?"

"Pé kó o gbé e sí jíà kejì. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ariwo lásán ni èmi ń gbọ́. Mo sọ fún un pé kó má jágbe mọ́ mi. Ẹni tí kò gbé ohùn sókè rí láyé rẹ̀! Mo sọ pé n kò ṣe mọ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì mo tún padà. Lọ́sẹ̀ kẹta, bí mo ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ mi tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi gbé jíà, n kò sì mọ ìgbà tí mo ṣe é. Ọkọ mi kò la ojú, ó kàn mi orí bí ẹni tí oúnjẹ dùn mọ́ lẹ́nu. Nígbà tí mo lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, òṣìṣẹ́ tó wà nídìí tábìlì béèrè pé, "Ìyá, ta lẹ bá wá?" Mo ní ara mi ni mo bá wá.

Òjò ti ń dín kù nígbà tí a gba ọ̀nà etí odò. Ọ̀nà tóóró ni, odò wà lọ́wọ́ ọ̀tún, koríko gíga wà lọ́wọ́ òsì. Ọkọ mi ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ síta, ó ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi náà dùn, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ń rò ó lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ojú yìí, bóyá a lè máa bá a lọ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ títí láé.

Ohun kan wà tí ọkọ mi ti kìlọ̀ fún mi lé lórí: "Bó o bá ti wọ inú ẹrẹ̀, má dúró. Ibi tí ilẹ̀ bá ti le ni kó o tó dúró." A dé ibi tí omi ti gba orí ọ̀nà kọjá, ẹrẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tó ń mú ọkọ̀ sáré. A rì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, táyà ẹ̀yìn ń yí lásán, ẹrẹ̀ ń fò dé orí.

"Fi sílẹ̀," ló wí. Kò bínú. Ó ká ṣòkòtò, ó bọ́ sílẹ̀, ẹrẹ̀ mu ún dé agbede ojúgun. Ìdérí kékeré kan wà láàárín táyà iwájú kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá tíì fọwọ́ yí i, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí a bá yí i, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi di ara ọkọ̀ mú yí ká, ó tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀, ó yí ti ọ̀tún, ó yí ti òsì, kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó wá sún sẹ́yìn.

"Màá dúró sílẹ̀ kó lè fúyẹ́. Jíà kìíní. Rọra tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti gbéra, má dúró o."

Mo rọra tẹ̀ ẹ́. Jíìpù náà gbọ̀n, ó mí, ó gbéra. Ẹ wò ó, ó jáde! Mo rántí òfin, n kò dúró. Mo gba inú ẹrẹ̀ yẹn kọjá, mo tẹ̀lé ọ̀nà bó ṣe yí, mo gun ibi tí ilẹ̀ ti ga, òkúta ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ táyà kí n tó tẹ bíréèkì. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo ń dá rẹ́rìn-ín bí wèrè. Mo bọ́ sílẹ̀ láti fi han ọkọ mi.

Orí ilẹ̀ gíga ni mo wà, mo ń rí i kedere. Ó wà láàárín ẹrẹ̀, kò ju ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ lọ sí mi. Ó kọjú sí mi gan-an. Mo tú ìborí mi, mo jù ú sókè, mo ń jó. Kò na ọwọ́. Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ló ń fi mí ṣe. Mo ju ìborí náà lẹ́ẹ̀kejì, mo fi ọwọ́ méjèèjì jù ú. Ó kàn dúró, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ìró tí kò sí, torí èmi ni mo pa ẹ́ńjìnnì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọwọ́ ọ̀tún ló gbà. Apá ibi tí odò wà.

Mo pè é. Ìró omi gbé ohùn mi lọ. Èmi tí mo lẹ́nu nínú àwa méjèèjì, mo lọgun títí ọ̀fun mi fi fẹ́ ya, kò gbọ́. Mo sáré padà sínú jíìpù, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fèrè ọkọ̀.

Ó dúró. Ó yí padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, ó na ọwọ́ kan síwájú, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kó tó tẹ̀ ẹ́. N kò rí i kó rìn bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ilé wa, ó mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Nínú ilé wa, kò jẹ́ kí n rí i. Mo ti mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń lọ. N kò mọ̀ pé ó ti lọ tó báyìí. Mo sunkún, n kò gbé ọwọ́ kúrò lórí fèrè náà, àfi ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ó tọ ara ọkọ̀ náà wá títí ó fi dé ojú fèrèsé mi. Ẹrẹ̀ ti dé itan rẹ̀.

"Aránṣọ."

"Mo wà níbí."

"N ò rí ọ. Mo wò títí, n ò rí ọ. Ó ti pẹ́ tí n ò ti rí ojú ẹ dáadáa."

Mo na ọwọ́ jáde, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tẹrẹ̀tẹrẹ̀.

"Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú yẹn," ló wí, "gbé mi lọ lọ́la. Ìwọ ni kó o wa ọkọ̀."

"Ẹ ti gbọ́," ni mo wí. "Ẹ wọlé. Ẹ kọ́kọ́ nu ẹsẹ̀ o, èmi kọ́ ni n ó fọ àga yẹn."

Ó di ara ọkọ̀ mú, ó gba iwájú yí ká, ó wọlé, ó jókòó. Mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo sọ fún un pé odò ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún, pé ọ̀nà náà lọ tààrà níwájú, pé igi kan ti wó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣùgbọ́n àyè wà láti kọjá. Kò ní kí n dákẹ́. Mo gbé e sí jíà kìíní, a ń lọ, mo sì ń sọ ọ́ fún un bí a ṣe ń lọ.